Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Sàúdátù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè. Láti àárọ̀ tí mo ti Mẹ́kà dé lẹ ti ń pè mí ní Àlájà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jẹ́ ẹ lórí irọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méje, òní ni mo fẹ́ kí òtítọ́ bá a, níwájú Sàúdátù tó jókòó yẹn, tó ń gberin lẹ́yìn mi.

Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ló mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ wákà. Lọ́dún 1981, níbi wòlímọ̀ kan ní Ìbẹ̀fun, èmi dá orin kìíní, Sàúdátù dá ìkejì. Wàhábì onísákárà wa gba ohùn wa sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan l'Ékòó. Nígbà tí èsì dé, èmi ni mo kà á, torí Sàúdátù mọ kéú dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé òyìnbó. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó dá orin kejì làwọn ń fẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni wọ́n ń fẹ́, pé wọ́n ní ohùn tirẹ̀ kò dùn tó, kó máa gberin. Ahọ́n mi ò tilẹ̀ fà sẹ́yìn.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ì bá sàn. Ọmọ náà kò bínú. Ó ní kí n bá òun kọ èsì, kí òun dúpẹ́, kí òun sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tọ́jú ọ̀rẹ́ òun. Èmi ọ̀dájú, mo kọ ọ́ pé wọ́n ti fún un lọ́kọ, pé ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ orin, kí wọ́n mú mi dípò rẹ̀. Mo fi yíńkì kun àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Wàhábì kà á kó tó lọ fi í sí póòsì. Ó ní, "Kúbúrá, ọmọ yìí fọkàn tán ẹ o." Mo ṣèlérí pé òun ni yóò jẹ́ máníjà mi, ó sì panu mọ́.

Èyí tó burú jù ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀ l'Ékòó, mo yí orúkọ rẹ̀ padà fún wọn, mo sì ní ohùn ìsàlẹ̀ ni kó máa fi gberin. Rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rin la ti ṣe, kò sí èyí tí ẹ ti gbọ́ Sàúdátù gan-an. Òun náà ti gbà pé ohùn òun kò dára. Èyí ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Kí n tó wálé, mo ti yà l'Ékòó, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Sàúdátù ni yóò dá orin nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀. Bó bá ní kí n gbè é, n ó gbè é. Bó bá ní kí n lọ, n ó lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka lẹ́tà, ẹ má fi tiyín lé ẹni tí ẹ jọ ń du nǹkan lọ́wọ́.

Sàúdátù, mo túúbá. Má tíì dárí jì mí. Dìde, dá orin kan fún wọn, má fi ohùn ìsàlẹ̀ dá a.