Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ojú Bọ̀dá Délé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, kò jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì Marks Gate ní London níbí, màá sọ̀ kalẹ̀ kí n tó délé, màá máa rìn kiri. Lọ́jọ́ Sátidé ni Bọ̀dá Délé ń padà sí Ìjẹ̀bú pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lanu.

Bọ̀dá ló wá iṣẹ́ fún mi níbi iṣẹ́ tirẹ̀ ní Dagenham, níbi tí a ti ń tún ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù ṣe. Ó kàn ń dún lásán ni, kò ní ọta. Sípíríńgì ló ń ti òòlù inú rẹ̀ tó ń mú un dún. Sípíríńgì ti ìbọn kékeré àti ti ńlá jọra gan-an, àfi kéèyàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a yọ kúrò, kó wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo ń yà wọ́n sínú agolo méjì.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kánjú lọ ìpàdé àdúrà, mo kàn dà wọ́n sínú agolo láìwọ̀n wọ́n. Bọ̀dá ní, "Àbúrò, ṣé o wọ̀n wọ́n?"

Mo ní, "Mo ti wọ̀n wọ́n, sà." Irọ́ ni.

Bọ̀dá fi ti kékeré sínú ìbọn ńlá. Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, òṣèré fa ìbọn, kò dún. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Kí Bọ̀dá tó dé ìdí agolo, mo ti sáré yà wọ́n dáadáa. Ó wo inú agolo títí, kò rí àṣìṣe kankan. Ó ní, "Háà! Ojú mi ti ń lọ o." Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mo dákẹ́. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé báyìí, ẹ jọ̀ọ́.

Dókítà ní ojú rẹ̀ dára, Bọ̀dá ò gbà. Ó ti ta mọ́tò rẹ̀. Kì í ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń kà á sí i létí. Ó ní òun ń lọ sílé kí òun má di ẹrù sí àwọn ọmọ lọ́rùn.

Lánàá, ó pè mí sílé rẹ̀ ní Eastbury, ó gbé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí: "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tìrẹ náà ṣe báyìí."

Mo ṣe àmín. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣe àmín!

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?