Ihò Tí Bàbá Dí

Ibi tí mo ti ń dúró de fóònù mi tí wọ́n ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ọ̀wọ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí bàbá kan láti Òkèlúsè àti ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe jọ sọ.

"Bàbá, ta ló fi sẹ́lótéèpù dí gbogbo ihò ara kọ̀ǹpútà géèmù yìí?"

"Èmi ni. Eruku ọ̀dọ̀ wa pọ̀. Ọmọ mi ló tò ó pọ̀ kó tó lọ sílùú òyìnbó. Alaalẹ́ ni mo ń tàn án, kí iná ẹ̀ lè máa mọ́lẹ̀ ní yàrá ọmọ náà."

"Ihò yẹn ló fi ń mí, sà. Fáànù ń yí lásán, ooru ò ríbi jáde. Inú ẹ̀ ti jóná."

"Kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i?"

"Kò sí, sà."

Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ohun kan náà ni bàbá ń sọ: "Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Mo sì tọ́jú ẹ̀."