Bàálù Tí Ọkọ Mi Ń Wà
Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ bá mi dá sí i, torí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Súrùlérè tí à ń gbé, bàálù tó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà máa ń kọjá lókè wa, ohunkóhun tí mo bá sì ń ṣe, màá dúró títí ariwo rẹ̀ á fi lọ tán.

Páílọ́ọ̀tì ni ọkọ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù rí, àfi ọjọ́ tó wọlé tí kò lè tú okùn bàtà rẹ̀. Ó ní àwọn ń bọ̀ láti Àbújá, bàálù kò tíì gòkè tán tó fi ṣàdédé dorí kodò fúnra rẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wà á fà á sókè, ó tún dorí kodò. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló gbà pé imú bàálù ti ga jù, ló ṣe ń tì í wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn bí imú ṣe ga tó ló bàjẹ́, tó ń parọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Ọlọ́run ló ní kí ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ba ibi tí wọ́n ti ń pa ètò náà. Wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú ní kí irú bàálù náà má fò mọ́. Ọkọ mi jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, inú mi sì dùn, ẹ má bínú. Àfi bí àwọn tó ṣe bàálù náà ṣe ní àwọn ti tún ètò kọ̀ǹpútà náà kọ, pé kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbọ́ mọ́. Wọ́n kó àwọn páílọ́ọ̀tì lọ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n mú wọn jókòó sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí iwájú bàálù ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀, wọ́n ń fi ìjàǹbá yẹn dán wọn wò léraléra títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ mi dé bí ẹni tí wọ́n tún bí.

Ṣé èmi ni wọ́n á sọ fún pé wọ́n ti tún un ṣe? Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábàá nìyẹn. Áàpù tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù là ń ṣe, èmi ni mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Mélòó la ti ní a ti tún ṣe, tí ibòmíì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́! Àmọ́ tiwa, oníbàárà á pè, á bú wa, a ó bẹ̀ ẹ́. Ta ni ẹni tó wà lójú òfurufú fẹ́ pè?

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ọkọ mi kó wáṣẹ́ mìíràn. Ó gbé mi dìde.

"Ìyá Tọ́lá, lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tó ń bá mi jà. Ní báyìí mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ bí mo ṣe máa pa á."

Mo ní kó búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó mi orí.

"Mi ò lè búra. Nígbà tí mo lè búra fún ẹ, mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èrò kan máa ń béèrè irú bàálù tó jẹ́ kí wọ́n tó wọlé, àwọn mìíràn á yí padà, ó sì máa ń dùn ún wọra. Ọ̀la ni Tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń lọ sí yunifásítì ní Àbújá. Mo ní kó lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Jíbówú. Bàbá rẹ̀ béèrè bóyá mo ti gbàgbé àwọn ajínigbé tó wà lọ́nà yẹn. Ó ní bàálù tí òun ń wà ló máa wọ̀, pé bí ọmọ òun ò bá lè jókòó lẹ́yìn òun, kí lòun fẹ́ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Tọ́lá wá kọjú sí mi. "Mọ́mì, ṣé kí n bá Dádì lọ?"

Bàbá rẹ̀ ń wo ẹnu mi. Bí mo bá ní rárá, mo ti sọ fún un pé mi ò gbà á gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì máa gbé gòkè lọ́la, pẹ̀lú gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì tí mo ní láyé á wà nínú ọkọ̀ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ gbàdúrà. Àdúrà ò wá. Inú yàrá ni mo ti ń kọ èyí sí yín, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn ní pálọ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n jáde lọ sọ?