Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Mo Bá Nínú Àpò Ọkọ Mi

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́ ní gbogbo Agége. Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi mí ṣe ìwàásù. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní kí n kó ẹrù mi máa bọ̀. Èmi àti ọkọ mi ṣì jọ ń gbé, a jọ ń jẹun, a sì ń kí ara wa káàárọ̀, ṣùgbọ́n mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Tó bá gbé fóònù, etí mi á nà síbẹ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, màá máa rò ó pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ṣé ayé téèyàn ń jẹ rèé? Ohun tó tún jẹ́ kó le ni pé obìnrin méjì ni mò ń bá jowú lórí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí. Ọ̀kan jẹ́ opó tí mo mọ ojú rẹ̀. Èkejì ni Màríà, ìyá Jésù Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Pọ̀nmọ́ ni mò ń tà ní Oko Ọba, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ọkọ mi, Dádì Ìfẹ́, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti abọ́ oníke. Nínú ìjọ wa, èmi ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin. Ìjọ wa ò gba gbẹ̀rẹ́ o. A kì í gbé àwòrán Jésù pàápàá kọ́ ara ògiri, ká má tíì sọ ti Màríà. Pásítọ̀ wa a máa sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ère ni àwọn Àgùdà ń bọ, pé obìnrin tó ti kú ni wọ́n ń ké pè, nígbà tí Bíbélì sọ pé alárinà kan ṣoṣo ló wà láàárín Ọlọ́run àti èèyàn. Àmín tèmi ló máa ń ròkè jù. Ọkọ mi á jókòó sẹ́yìn ní tiẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, mi ò rí omijé lójú ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin bàbá ẹ̀.

Mo ń fọ ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni nǹkan kan ń gún mi lọ́wọ́ nínú àpò. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fà jáde! Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú òwú tó já. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, kí lẹ máa rò? Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni mo pè é. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin já mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́, ó tún kó o sápò wálé! Mo dà á sínú agolo àtíkè tó ti tán, mo fi í pamọ́ sísàlẹ̀ aṣọ mi. Mo ní kí n ṣọ́ ọ ná.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ni mo wá ń rí oríṣiríṣi. Ọjọ́ Sátidé, tó máa ń ní òun ń ṣe ofatáìmù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pàdé mi lọ́jà, ó ní àwọn ò ṣiṣẹ́ ọ̀sán Sátidé mọ́ látìgbà tí ẹ̀rọ ti pa èèyàn níbi iṣẹ́ àwọn. Mo wo ṣòkòtò ẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ṣá. Kí ni ọkùnrin ń fi orúnkún ṣe? Lọ́jọ́ tó gbàgbé fóònù ẹ̀ sórí tábìlì ni ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin ni, ó tutù bí omi àmù: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n nìkan wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí o. Ìyá wa ń retí yín.” Ìyá wa! Háà! Àṣé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó, tí èmi ṣì ń họ pọ̀nmọ́ kiri!

Nígbà tí Sátidé pé, mo fi ìsọ̀ mi sílẹ̀ fún obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkẹjà, mo fi ìborùn bojú, mo dúró sí òdìkejì ilé iṣẹ́ wọn. Ọkọ mi jáde. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mò ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Mo ti mọ ohun tí màá sọ fún obìnrin náà, mo ti so ìró mi le. Ṣé ẹ mọ ibi tó yà sí? Ọgbà ìjọ Àgùdà ni! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ti fi òkúta mọ nǹkan kan bí ihò àpáta, ère Màríà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkọ mi lọ kúnlẹ̀ tì í. Ó ń ka àdúrà kan, obìnrin náà ń dá a lóhùn, ìlẹ̀kẹ̀ sì ń kọjá lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo wá rí i tí èjìká ọkọ mi ń mì. Ó ń sunkún! Ọkùnrin tí mi ò rí omijé rẹ̀ rí! Obìnrin náà na áńkáṣíìfù sí i, ó gbà á.

Ká ní ilé ọtí ni mo ti bá wọn, mi ò bá ti wọlé lọ fa aṣọ ya. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti kọjá géètì yẹn. Ẹ̀rù ère náà ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Mo yí padà, mo wá ọkọ̀ wálé.

Bó ṣe wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo da ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí tábìlì níwájú ẹ̀. Mo rò pé ó máa wárìrì. Kò wárìrì. Ó mú ẹyọ kan, ó ní, “Ibo lo ti rí i? Mo wá a títí. Ti Gírígórì ni.” Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Gírígórì ni ẹni tí ẹ̀rọ pa níbi iṣẹ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń dúró sí, ojoojúmọ́ ló sì máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí ka rósárì, àdúrà àwọn Àgùdà, nígbà ìsinmi, tí ọkọ mi ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé àyà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e. Ó di ọkọ mi lọ́wọ́ mú tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ náà, títí òwú rẹ̀ fi já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà tí wọ́n fi ń kí Màríà, ẹ̀mí rẹ̀ ò sì gbé e parí. Ó ń wo ọkọ mi lójú. Ọkọ mi bá a parí ẹ̀, pé kí Màríà gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ nísinsìnyí àti ní wákàtí ikú wa. Ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí ọwọ́ náà fi tutù.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?” ni mo bi í.

“Nínú ilé yìí? Èwo ni kí n sọ fún, ìyàwó mi ni àbí olórí ẹgbẹ́ àdúrà?”

Mo ní, “Obìnrin yẹn ńkọ́?”

Ó ní, “Felíṣíà, ìyàwó Gírígórì. Òun ló ní kí n máa wá.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gba ọ̀rọ̀ ikú yẹn gbọ́. Ta ló máa purọ́ irú ẹ̀? Ṣùgbọ́n ikú ọjọ́ kan ló ń gbé e lọ ní gbogbo Sátidé ni? Mo gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ lọ, wọ́n sì pè é. Wọ́n ní kó kó ìlẹ̀kẹ̀ náà wá kí wọ́n sun ún. Ó kọ̀. Ó ní, “Pásítọ̀, nígbà tí ara ìyàwó mi ò yá, ẹ ní kí gbogbo ìjọ bá a bẹ Ọlọ́run. Ṣé ìjọ wá di alárinà ni?” Pásítọ̀ ní, “Àwọn yẹn wà láàyè, wọ́n ń gbọ́ ohun tí a sọ. Níbo ni Bíbélì ti ní ká máa bá ẹni tó ti kú sọ̀rọ̀? Ṣí i fún mi.” Ọkọ mi ní, “Mi ò ní ẹsẹ kankan tí màá ṣí fún yín, sà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀rù ò ba ọkùnrin yẹn mọ́ nígbà tó ń lọ.” Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn, ó jáde. Láti ọjọ́ náà kò wá sí ìjọ wa mọ́. Wọ́n sì ní kí èmi náà lọ rọ́kún nílé ná, kí n fi ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀ títí ilé mi yóò fi tò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Felíṣíà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrọ̀fọ̀ Oko Ọba. Mi ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, mo bi í bóyá Màríà nìkan ló ń kó òun àti ọkọ mi jọ. Ó ní, “Mọ́mì Ìfẹ́, ẹ̀yin lẹ lọ́kọ yín. Ohùn ọkọ tèmi ni mò ń wá. Ọkọ yín ló gbọ́ ọ kẹ́yìn, bí Gírígórì ṣe máa ń sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.” Kò gbójú sá fún mi. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àbí? Kò balẹ̀ o! Ọmọdé ṣì ni obìnrin náà, ó sì rẹwà, kódà nínú aṣọ dúdú. Obìnrin tó ń wá ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọkọ mi, kí ló máa wá lọ́jọ́ iwájú? Nígbà mìíràn màá tún bi ara mi pé, ṣé opó yìí gan-an ni mò ń bẹ̀rù, àbí Ìyá tí ọkọ mi gbé ẹkún ẹ̀ lọ fún, tí kò gbé e wá fún mi?

Nígbà tí ìbéèrè mi sú u, ọkọ mi ní, “Tó o bá ń fura, wá. Wá kúnlẹ̀ sáàárín èmi àti Felíṣíà. O ò ní láti la ẹnu.” Ọ̀rọ̀ náà dé etí Pásítọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pé bí mo bá fi lè tẹ ọgbà yẹn, kí n má padà sínú ẹgbẹ́ àdúrà mọ́ láéláé.

Ọ̀la ni Sátidé. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ mi ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ìró àti bùbá mi kan, ó ti fi kọ́ ara ilẹ̀kùn, ó sì lọ jókòó síta láìbi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run jù mí lọ, yálà Àgùdà ni yín tàbí irú tiwa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilẹ̀ tó mọ́: ṣé kí n wọ aṣọ yìí?