Mo Fẹnu Pa Ìyá Mi Nítorí Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé a fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí ọgọ́rin ọdún fún ìyá wa, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìdí tó fi kọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Agbábọ́ọ̀lù ni mí, iwájú ni mo máa ń gbá. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n o. Ọdún yìí Àkúrẹ́, ọdún tó ń bọ̀ Ìlọrin, ibi tí wọ́n bá ti ní kí n wá ni mò ń gbé báàgì mi lọ. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn ni mo wà, orí bẹ́ǹṣì ni mo sì máa ń jókòó.

Àwọn kan pè mí láti Kánò pé kí n wá, àwọn fẹ́ dán mi wò. Kóòṣì wa kì í fún èèyàn láyè láàárín sáà, àfi tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá a, mo ní ìyá mi kú. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sin ín.

Kánò ò gbà mí. Wọ́n ní mo ti ń dàgbà. Mo fárí mi kodoro kí n tó padà s'Íbàdàn, kí wọ́n lè rí i pé mo ṣọ̀fọ̀.

Àṣé nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ gbá bọ́ọ̀lù l'Adó. Wọ́n gba Ẹ̀fọ̀n dé Àrámọ̀kọ, wọ́n ní kò dáa kí àwọn kọjá láì kí àwọn ará ilé mi kú ọ̀fọ̀. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n, mi ò sì rò ó dé ibẹ̀. Wọ́n yà sí Ìpótì, ìlú wa, wọ́n bèèrè ilé mi, wọ́n sì fi hàn wọ́n.

Balógun ẹgbẹ́ wa ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní obìnrin àgbà kan tó ń sá kòkó ló gba àwọn lálejò. Nígbà tí àwọn ní àwọn wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ ìyá mi, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wọ ulé, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni àbúrò rẹ̀." Ó ní mo ti lọ sí Ìkọ̀rò lọ túfọ̀ fún àwọn ẹbí. Ó fún wọn lómi mu. Ó ṣe àmín sí gbogbo àdúrà tí wọ́n gbà fún òkú.

"Àbúrò ìyá ẹ yẹn ṣèèyàn o," ni balógun wí.

Ìyá mi ò ní àbúrò. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí.

Nígbà Kérésì mo lọ sílé. Ó gún iyán fún mi, ó bi mí bí orókún mi ṣe ń ṣe sí. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ. Ẹyin lohùn, mo ti fọ́ ọ, a sì jọ ń rìn yí i ká láti ìgbà náà.

Mo ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní pápá kan n'Íjerò. Lọ́jọ́ tí a jíròrò ọjọ́ìbí náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sunkún. Ó rò pé inú Màmá ò dùn sí òun ni. Nígbà tó jáde tán, Màmá yíjú sí mi, ó rọra bi mí pé, "Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀nyẹn á wá?"

Kò fẹ́ kí wọ́n wá bá òun láàyè. Ìtìjú mi ni ìyá mi ṣì ń bò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún un ní èmi àti òun nìkan, àbí kí n sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀? Ó ti darúgbó. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tí mo bá tún sọ pé ìyá mi kú, òótọ́ ni yóò jẹ́, mi ò sì ní tíì bẹ̀ ẹ́.