Ẹnu Mi Ló Bu Owó Orí Lé Ilé Mi

Ẹ bá mi kígbe Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rinlẹ̀, torí ojú ń tì mí, ariwo yín ni màá fi bojú. Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ilé tí bàbá Bísí fi sílẹ̀ fún mi ní Òkè-Baálẹ̀ níbí. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Ìwàrà kan fẹ́ fẹ́ Bísí. Tí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá délẹ̀, ṣebí àwọn àna á rán èèyàn wá ṣe ìwádìí? Ojoojúmọ́ ni mò ń retí oníwàádìí. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe wọlé wẹ́rẹ́, tó ń wo òrùlé, tó ń wo ògiri. Ó fẹ́ sọ ibi tó ti wá, n ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Mà, ta ló ń gbé inú ilé yìí?"

Mo ní, "Ayálégbé ló kún gbogbo yàrá! Ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn nìkan, owó ńlá ló ń mú wọlé."

Irọ́ ni o! Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi àti Bísí nìkan la wà nílé, àwọn yàrá tó kù ń jò. Mo tún gbé mínírà fún un. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò pẹ́, ìwé owó orí ilé dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Yéè! Bí mo bá ta gbogbo aṣọ mi, kò lè tó. Wọ́n ní bí n kò bá san án, àwọn á ti ilé náà pa. Mo ní ọwọ́ ayé ni! Mo gbààwẹ̀. Mo da òróró sẹ́nu géètì, mo ní, "Olúwa, ẹni tó fa wàhálà yìí, má jẹ́ kó rí ọdún tó ń bọ̀!"

Ibi tí mo ti ń sunkún ni ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà Bísí bá mi, ó wá kí wa láti Ìwàrà. Ó ní, "Ìyá Bísí, ẹkún kì í san owó orí. Ẹ dìde, ká lọ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀."

A dé ọ́fíìsì. Ta ni mo rí lórí àga? Oníwàádìí mi! Ó ní, "Mà, bí a ṣe ń ṣírò ilé téèyàn ń gbé fúnra ẹ̀ kọ́ la ṣe ń ṣírò ilé ayálégbé. Ohun tí ẹ sọ la kọ. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Àna mi ń wò mí. Bí mo bá dákẹ́, ilé lọ. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa. Ewúrẹ́ ni ayálégbé mi. Mo ṣebí àwọn àna mi ló rán yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni kí n kọ̀wé, kí wọ́n tún ilé náà yẹ̀ wò. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n rí ewúrẹ́, wọ́n rí òrùlé. Owó náà wálẹ̀, agbára mi ká a, mo san án! Ilé ò bọ́! Ẹ ṣeun, Jésù!

Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń bọ̀ láti ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, àna mi ní, "A ti ṣèwádìí tiwa tipẹ́. Wọ́n ní ilé yín ń jò. Wọ́n ní ọmọ yín kì í purọ́. Ìyẹn la rí tá a fi wá." N ò lè gbójú sókè.

Ìwọ tí ìwé owó orí ń bà lẹ́rù, má ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Lọ bi wọ́n léèrè, kó o sì sọ ohun tó wà nílé rẹ gan-an. Ẹ bá mi dúpẹ́, ará, pé Ọlọ́run kò dáhùn àdúrà tí mo gbà sẹ́nu géètì. Èmi ni ẹni náà!