Íméèlì Tí Kò Ní Òǹtẹ̀

Halelúyà! Ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní Halelúyà! Ọba tó gba iṣẹ́ mi lẹ́nu kìnnìún, gba ìyìn!

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ilé àṣà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Ẹnuwá. Èmi ni mò ń polówó iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa fáráyé. Ẹni mélòó ló tíì fojú kan kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ yìí? Wọ́n ra ọ̀kan fún wa, wọ́n sì rán mi lọ kọ́ íméèlì. Inú mi dùn. Èmi ò mọ̀ pé wàhálà ni mo lọ kọ́!

Àwọn òyìnbó kan kọ íméèlì pé àwọn fẹ́ pàtẹ ère wa nílùú wọn, ká dáhùn kílẹ̀ tó ṣú. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Dá wọn lóhùn." Mo dá wọn lóhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn o! Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí n mú ẹ̀dà rẹ̀ wá. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìfọwọ́sí mi dà? Òǹtẹ̀ dà?"

"Sà, íméèlì kì í ní òǹtẹ̀."

"Lẹ́tà ọ́fíìsì tí kò ní òǹtẹ̀, ayédèrú ni! Jìbìtì lo lù!"

Jìbìtì! Èmi! Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n gbé mi síwájú ìgbìmọ̀. Bàbá kan níbẹ̀ bi mí pé, "Ta lo fi lẹ́tà náà rán? Ọkọ̀ wo ló wọ̀?" Olúwa o! Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó. Wọ́n ní tó bá di Mọ́ńdè, àwọn á tún jókòó, àwọn á sì lé mi.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Bọ́lá, lọ bẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tèmi ti lọ, tìrẹ nìkan ló kù." Kí n bẹ̀bẹ̀ fún kí ni? Ọlọ́run ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa! Ní Furaidé, íméèlì kan wọlé. Ọmọ ọ̀gá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ́. Oyún rẹ̀ ti pé, tẹlifóònù ilé bàbá rẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́, ọkàn àwọn òbí rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ó ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, tìyá tọmọ wà láàyè. Mo sáré lọ kà á fún ọ̀gá. Ọ̀gá bú sẹ́kún.

"Dá a lóhùn! Kíákíá!"

Ẹ má bínú, Pásítọ̀, ara ń ta mí. Mo ní, "Òǹtẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ó wò mí. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọmọ ti fèsì! Ọ̀gá gba kúẹ́rì náà, ó fà á ya lójú mi. Mọ́ńdè dé, ìgbìmọ̀ ò jókòó mọ́. Ògo! Àwọn agbẹ́gilére wa ti ń kó ère wọn sínú àpótí báyìí, wọ́n ń lọ pàtẹ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn.

Baba, mo dúpẹ́! Mo tún dúpẹ́! Ìwọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ohun tí kò yé wọn, má bọ́hùn. Gbogbo àlàyé mi, kò yé ọ̀gá. Ọjọ́ tọ́rọ̀ kan ọmọ rẹ̀ ló yé e. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó mọ ibi tó ń gbà wọlé sọ́kàn èèyàn.